Ọmọbìnrin tó fẹ́ wa bàálù èrò: bí o ṣe máa tọ ọ̀nà náà, láti àyẹ̀wò ìlera títí dé àga ọ̀gá awakọ̀

Bí o bá jókòó sí àga awakọ̀ nínú bàálù Airbus, wo òpó tó wà láàárín gíláàsì iwájú. Wàá rí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké kan níbẹ̀, pupa àti funfun. Wàá gbé àga rẹ sókè, wàá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wàá sún un síwájú sẹ́yìn, títí bọ́ọ̀lù pupa á fi bo funfun mọ́lẹ̀ pátápátá. Tó bá ti bò ó, ojú rẹ ti wà níbi tó yẹ kó wà nìyẹn: o ń rí ojú ọ̀nà níwájú, o sì ń rí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún ọ lábẹ́ gíláàsì. Ẹni tó ga á rẹ àga sílẹ̀, ẹni tí kò ga á gbé e sókè. Àwọn tó ṣe bàálù yẹn mọ̀ pé oríṣiríṣi ara ló máa jókòó síbẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ tó gbà bẹ́ẹ̀. Raymonde de Laroche, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfúrufú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1910, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ lágbàáyé tó gbà á. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ nínú 100 awakọ̀ tó ń gbé èrò lágbàáyé, obìnrin inú wọn kò tó 10. Íńdíà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tó ti kọjá iye yẹn.

Nítorí náà, níbi tí ò ń lọ yìí, àwọn kan á ti máa ṣiyèméjì nípa rẹ kí o tó la ẹnu. Ìdáhùn tí mo mọ̀ sí i ni ìwé: èsì àyẹ̀wò ìlera, máàkì ìdánwò, wákàtí tí olùkọ́ fọwọ́ sí, àdéhùn tí o kà tán kí o tó fọwọ́ sí i. Èèyàn lè jiyàn lórí ìrísí rẹ àti ohùn rẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá máàkì 92 nínú 100 jiyàn? Ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, máa bi ara rẹ léèrè pé: tí mo bá parí èyí, ìwé wo ló máa wà lọ́wọ́ mi?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìlera ṣáájú, owó tẹ̀ lé e

Má san owó kankan fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí o tó ṣe àyẹ̀wò ìlera Class 1. Òun ni ìwé ìlera tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ná owó tí ìdílé rẹ̀ kó jọ, tó sì ti fò fún oṣù mẹ́fà, kó tó mọ̀ pé ohun kan wà lára òun tí òfin kò gbà.

Dókítà tí àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfúrufú ní orílẹ̀-èdè rẹ fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe é. Yóò wo ojú rẹ, etí rẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ, ìtọ̀ rẹ, bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, àti bóyá o mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Awò ojú kì í ṣe ìdènà, bó bá sáà ti jẹ́ pé o ríran dáadáa nígbà tí o bá lò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ẹnì kan sọ fún wọn pé ẹni tó ń lo awò kò lè wa bàálù.

Ohun kan wà tó kan àwa obìnrin. Wọ́n máa ń wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Bí nǹkan oṣù rẹ bá máa ń pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ lè ti lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé o fura, torí ó ti mọ́ ọ lára kó máa rẹ̀ ọ́. Lọ rí dókítà tìrẹ ní oṣù bíi mélòó kan ṣáájú, kí o tọ́jú rẹ̀, kí o tó lọ fún Class 1. Má sì fi ohunkóhun pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà, ì báà ṣe ẹ̀fọ́rí túúlu, ì báà ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí o lò rí. Ọ̀pọ̀ nínú àìsàn wọ̀nyí ni wọ́n lè gbà tí o bá ṣàlàyé. Irọ́ ni wọn kì í gbójú fò, ó sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ní Yúróòpù àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, oṣù 12 ni ìwé ìlera náà máa ń lò fún ẹni tó ń bá awakọ̀ mìíràn fò. Tí awakọ̀ bá ti pé 60 ọdún, yóò di oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ kejì: fò lẹ́ẹ̀kan péré

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló máa ń gbé èèyàn fò fún ìṣẹ́jú 30 tàbí wákàtí kan, kó lè mọ bó ṣe rí. San owó ìyẹn. Bí inú bá ń rú ọ, má bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì máa ń lọ. Ohun tí o fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó wù ọ́ láti padà sókè nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yan ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ojú alákàn

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí o máa wà lójú kan, tí wọ́n á kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Ó yá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń pọ̀. Èkejì ni kí o máa gba ìwé àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa ṣiṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o máa san bí agbára rẹ bá ṣe gbé e. Kò sí ìtìjú nínú èkejì. Tí ìwé bá ti dé ọwọ́ tán, ìwé kan náà ni.

Lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ. Ka bàálù tó wà nílẹ̀, kí o sì béèrè mélòó nínú wọn ló lè fò lónìí, torí mẹ́wàá lè wà nílẹ̀ kó jẹ́ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Béèrè iye olùkọ́ àti iye akẹ́kọ̀ọ́. Wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń parí lọ, mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bi í pé: “Oṣù mélòó ni wọ́n sọ fún ẹ, oṣù mélòó lo ti lò?” Bi í bóyá obìnrin ti parí níbẹ̀ rí, kí o sì gbìyànjú láti bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Wo ilé ìtura. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ilé ìtura tó mọ́ fún obìnrin ń sọ ẹni tó retí fún ọ.

Má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfúrufú ló ti wọko gbèsè lójijì, tí owó akẹ́kọ̀ọ́ sì wọ ibẹ̀ lọ. San díẹ̀díẹ̀, gba rìsíìtì, kí àdéhùn sì sọ ní kedere bí wọ́n á ṣe dá owó padà fún ọ tí o bá fẹ́ kúrò.

Bí ilẹ̀kùn kan bá tì, wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bessie Coleman, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, kò rí ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní ilẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́ gbà á. Ó kọ́ èdè Faransé, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1921.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ obìnrin awakọ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ninety-Nines ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929. Obìnrin 99 ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, Amelia Earhart sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Women in Aviation International náà ń fúnni, bẹ́ẹ̀ ni ISA+21, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń wa bàálù èrò. Wọlé sínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí o tó nílò rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó sì ṣe é ṣe kó jẹ́ ìwọ nìkan ni obìnrin ní kíláàsì rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: orí pápá

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fò, wàá yí bàálù ká, wàá tẹ ojú ihò kékeré tó wà lábẹ́ apá, wàá sì gba epo díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù tó mọ́ gaara. Epo Avgas 100LL, tí ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ń lò, ní àwọ̀ búlúù. Gbé kọ́ọ̀pù náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá wà nínú epo, yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀, wàá sì rí ìlà tó pààlà láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù bá mọ́ rekete láìsí ìlà kankan, má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ omi ni gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ búlúù ni kí o wá, kí o sì gbóòórùn rẹ̀.

Bí o kò bá ga, gbé tìmùtìmù tìrẹ dání, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí o sì máa lo àwọn kan náà lójoojúmọ́. Tí ojú rẹ bá wà ní gíga ọ̀tọ̀ lónìí, gíga ọ̀tọ̀ lọ́la, ilẹ̀ á máa dé bá ọ lójijì nígbà tí o bá ń bà, wàá sì máa rò pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n á sọ fún ọ pé agbára ni wọ́n fi ń wa bàálù. Apá kan rẹ̀ jóòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, bí ọ̀kan bá kú, imú bàálù á fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó kú, ẹsẹ̀ ni wàá sì fi dá a dúró lórí pẹ́dàlì tó ń darí ìrù. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń ṣe bàálù kò jẹ́ kí agbára yẹn kọjá pọ́n-ùn 150 fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn bíi kílò 68. Itan àti orúnkún ló ń ṣe é, kì í ṣe apá, ó sì wà ní ìkáwọ́ obìnrin tó bá jókòó dáadáa. Sún àga síwájú títí orúnkún rẹ á fi kù díẹ̀ kó nà tán nígbà tí o bá tẹ pẹ́dàlì dé òpin. Ẹni tó jókòó jìnnà, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá pẹ́dàlì, kò lè tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin. Lẹ́yìn náà lo trim, ẹ̀rọ kékeré tó máa gba ẹrù náà lẹ́sẹ̀ rẹ. Nínú àwọn bàálù èrò ńlá, ẹ̀rọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ agbára yẹn.

Mu omi. Mo mọ ìdí tí àwọn ọmọbìnrin kì í fi í mu ún kí wọ́n tó fò: kò sí ilé ìtura lókè, ọkùnrin sì lè wá ọgbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ronú dáadáa. Mu ún díẹ̀díẹ̀, lo ilé ìtura kí ẹ tó gbéra, kí o sì sọ fún olùkọ́ pé o fẹ́ kí ẹ dúró ní pápákọ̀ tó wà lójú ọ̀nà tí ìrìn bá gùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ lógbúùkù rẹ: ọjọ́, nọ́ńbà bàálù, ibi tí ẹ lọ, wákàtí, orúkọ olùkọ́. Jẹ́ kí olùkọ́ fọwọ́ sí ibi tó bá yẹ. Ya fọ́tò ojú ewé náà, fi pamọ́ síbòmíràn. Kí o tún ní ìwé kékeré kejì, tìrẹ nìkan, níbi tí wàá máa kọ ohun tí o ṣe dáadáa àti ohun tí o ṣì ṣe. Bí olùkọ́ kan bá ń pariwo mọ́ ọ, tó ń fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, tàbí tó ń sọ pé ilé ọkọ ló yẹ ọ́, kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sínú ìwé yẹn, kí o sì béèrè fún olùkọ́ mìíràn. O ò nílò láti bẹ̀bẹ̀. Ìwọ lò ń sanwó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ìwé àṣẹ

PPL ló ń ṣíwájú, ìwé àṣẹ láti fò fún ara rẹ láìgbowó. Òfin Amẹ́ríkà béèrè wákàtí 40 ó kéré tán, ti Yúróòpù 45. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà fi àlékún sínú ìṣirò owó rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àṣẹ láti fò nínú ìkùukùu pẹ̀lú ohun èlò nìkan, àṣẹ fún ẹ́ńjìnnì méjì, àti CPL tí wàá lè fi gbowó. Ẹni ọdún 18 lè gba CPL. Ní òpin rẹ̀ ni ATPL wà, ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù èrò ń lò, wákàtí 1,500 ni wọ́n sì ń béèrè fún un.

Ní Yúróòpù, ẹ̀kọ́ inú ìwé fún ATPL ní ìdánwò 13. Máàkì àṣeyege jẹ́ 75 nínú 100 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù 18 ni wọ́n fún ọ láti parí gbogbo rẹ̀. Má kàn lépa 75. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń béèrè máàkì, wọ́n sì máa ń béèrè ìgbà mélòó lo jókòó ṣe é. Kà á tán kí o tó forúkọ sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ìpele 4 ni ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfúrufú, béèrè ó kéré tán. Ẹni tó bá gba ìpele 6 kì í sábà tún un ṣe mọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́ nípa bí èdè rẹ ṣe ń dún. Kí wọ́n gbọ́ ọ yé, kí o sì gbọ́ wọn yé, ni wọ́n ń wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkó wákàtí jọ

Ibí ni ọ̀nà ti pín. Ní Yúróòpù, ẹni tó ní nǹkan bíi wákàtí 200, tó sì ti yege nínú ìdánwò ATPL, lè di igbákejì awakọ̀ nínú bàálù èrò. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2013, igbákejì náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ATP (bí wọ́n ṣe ń pe ATPL níbẹ̀), ìyẹn wákàtí 1,500, àyàfi àwọn ológun àti àwọn tó gba oyè ìwakọ̀ ní yunifásítì, tí wọ́n dín tiwọn kù. Mọ òfin ibi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ kí o tó yan ibi tí wàá ti kẹ́kọ̀ọ́, torí ìwé àṣẹ ibì kan kì í sábà ṣiṣẹ́ níbòmíràn láìtún ìdánwò ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló ń di olùkọ́ láti kó wákàtí jọ. Emily Howell Warner, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọkùnrin tó kọ́ ń ríṣẹ́, òun kò rí. Kò yéé kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Frontier Airlines gbà á ní ọdún 1973, ó sì di ọ̀gá awakọ̀ ní 1976. Nígbà tí wọ́n gbà á yẹn, wákàtí rẹ̀ nínú lógbúùkù ti di ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún. Èyí ni ohun tó ń mú mi sọ fún ọ pé kí o máa kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: iwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́

Wọ́n á fún ọ ní ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àjọṣe pẹ̀lú àwọn mìíràn, símúlétọ̀ (ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù gidi), àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Háyà símúlétọ̀ fún wákàtí bíi méjì kí ọjọ́ náà tó pé. Wọn kò retí kí o fò bí ẹni tó ti ṣe é fún ogún ọdún. Wọ́n fẹ́ rí i bóyá o máa tún nǹkan ṣe nígbà tí o bá ṣì í, àti bóyá ẹni tó jókòó tì ọ́ mọ ohun tí ò ń rò. Nítorí náà, sọ ọ́ síta: “Mo ti ga jù, mò ń dín in kù.”

Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ọkọ àti ọmọ, mọ̀ pé òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà wọ́n láyè. Má bínú níbẹ̀. Dá wọn lóhùn pé o ti ka bí àkókò iṣẹ́ wọn ṣe rí, o sì lè ṣe é. Nígbà tí o bá délé, kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í. Ní Ọsirélíà, Deborah Lawrie, tó jẹ́ olùkọ́ ìwakọ̀, béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ Ansett lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, wọn kò gbà á. Ó gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, ó sì borí ní 1979. Iléeṣẹ́ náà gbé ẹjọ́ lọ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, obìnrin náà tún borí ní 1980. Lẹ́tà iléeṣẹ́ náà, tó sọ pé ọkùnrin nìkan ni àwọn ń gbà ṣe awakọ̀, wà lára ohun tó tako wọn.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, wọ́n á kọ́ ọ ní irú bàálù kan pàtó. Àwọn iléeṣẹ́ kan á sanwó rẹ̀, wọ́n á sì ní kí o ṣèlérí ọdún mélòó kan. Gbé àdéhùn náà lọ fún lọ́yà kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì wá ibi tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí o bá lóyún láàárín ọdún ìlérí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Èrò kan á nawọ́ ife òfìfo sí ọ, á rò pé ìwọ lò ń pín oúnjẹ. Ẹni tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ á pè ọ́ ní “sir” lórí rédíò kó tó gbọ́ ohùn rẹ dáadáa. (Nínú èdè wa, “awakọ̀” kò ní akọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní abo, mo máa ń rántí rẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.) Ìwọ̀nyí ń rẹni, ṣùgbọ́n wọn kò ba iṣẹ́ jẹ́.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní Tenerife, èèyàn 583 ló kú. Ẹnì kan nínú iyàrá awakọ̀ ti béèrè bóyá bàálù kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó béèrè náà kò sì tẹnu mọ́ ọn mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ pé kí ẹni tó kéré jù sọ̀rọ̀, kó tún un sọ. Wọ́n lè ti sọ fún ọ láti kékeré pé obìnrin kì í jiyàn. Fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàálù. Pe orúkọ ẹni náà, sọ ohun tí o rí, sọ ohun tí o fẹ́ kí ẹ ṣe: “Ọ̀gá, ọkọ̀ kan ṣì wà níwájú. Ẹ jẹ́ ká dúró.”

Bí ẹni tí ẹ jọ ń fò bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, rántí òfin tó wà fún gbogbo yín: kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn àyàfi iṣẹ́ nígbà tí bàálù bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Ní òkè ńkọ́? Sọ fún un kedere pé o kò fẹ́. Tí ẹ bá balẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ, tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ti oyún: ní Yúróòpù, bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, awakọ̀ lè máa fò pẹ̀lú awakọ̀ mìíràn títí di òpin ọ̀sẹ̀ 26. Àwọn iléeṣẹ́ kan níbòmíràn á dá ọ dúró láti ọjọ́ tí o bá ti sọ fún wọn. Ka ìlànà tìrẹ kí o tó nílò rẹ̀, ní pàtàkì ohun tí wọ́n kọ nípa owó oṣù àti nípa bóyá wọ́n á fún ọ níṣẹ́ orí ilẹ̀. Nígbà tí o bá padà, símúlétọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọ sí kí ọwọ́ rẹ lè tún yá. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bíbímọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àga òsì

Ọ̀gá awakọ̀ máa ń jókòó lọ́wọ́ òsì. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, wákàtí tí o ní àti ìgbà tí o ti wọṣẹ́ ni wọ́n ń wò, nítorí náà ṣọ́ ipò rẹ nínú ìlà, kí o sì béèrè fún ìdánwò náà lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́. Má dúró de ìgbà tí ara rẹ á balẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin tí ẹ jọ wọṣẹ́ ti kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

Wọ́n á dán ọ wò nínú símúlétọ̀, lẹ́yìn náà nínú bàálù gidi pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Tí o bá yege, òwúrọ̀ kan á wà tí ẹlẹ́ńjìnnì á gun àtẹ̀gùn wá sí iyàrá awakọ̀ pẹ̀lú ìwé bàálù lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo àbùkù àti àtúnṣe rẹ̀ sí. Yóò wò yín méjèèjì, lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì ni yóò na ìwé náà sí. Kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.